Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Àṣírí: Ìtàn Ìjà Òfin lórí Ìtúlé àti Ìtú-Fóònù

Kì í ṣe ènìyàn díẹ̀ ni ó ń ti Mile 12, Kétu àti Òjótà kọjá ní Anthony lójoojúmọ́. Ní àdúgbò yìí, ní Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni ọ̀nà Ìkòròdú ti pàdé ọ̀nà ńlá tí ó ti Òṣòdì wá, tí ó sì gba Gbàgádà lọ. Irú oríta báyìí ni àwọn ọlọ́pàá sábà máa ń dúró sí ní ìlú ńlá. Nígbà kan rí, àpò àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń ní kí arìnrìn-àjò ṣí. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń mú rìn, ohun tí wọ́n ń béèrè yí padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Èkó àti ní àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n ti ní kí ó ṣí fóònù rẹ̀ ní ojú pópó, kí ọlọ́pàá ka ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, kí ó sì wo iye owó tí ó ní ní báńkì.

Ìbéèrè tí àsọyé yìí dá lé ni èyí: àṣẹ wo ni ọlọ́pàá fi ń tú ohun tí ó jẹ́ ti ẹni? Bí ó bá mú ìwé àṣẹ ìtúlé, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wọ́ráǹtì, ṣé ìwé náà tó láti wọ inú fóònù? Bí kò bá sì mú un, ọ̀nà wo ni ẹni tí a tú fóònù rẹ̀ lè gbà rí ẹ̀tọ́ gbà? Ìbéèrè òde òní ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ní ìtàn. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ní kóòtù. Àwọn Yorùbá pàápàá sì ti ní òye tiwọn nípa rẹ̀ kí Òyìnbó tó dé.

Àgò àti àrokò

Nínú àṣà Yorùbá, àlejò kì í já wọ ilé onílé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ké pé, “Àgò onílé o!” Bí onílé bá dáhùn pé, “Àgò yà,” ìgbà náà ni àlejò tó lè gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ọmọdé ń ké àgò, àgbà náà ń ké e. Olówó kò sì tìtorí owó rẹ̀ kọjá àgò. Ohun tí àgò ń wí ni pé ilé ní olúwa, àti pé ẹni tí ń bọ̀ láti ìta ní láti gba àyè kí ó tó rí ohun tí ó wà nínú.

Bí ilé ti ní àgò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ ní ìdè. Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀, àrokò ni àwọn ọba, àwọn olórí ogun àti àwọn ọ̀rẹ́ tí ó jìnnà síra fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà lè wí pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tí ó gbà á, nítorí pé “ẹ̀fà” àti “fà” jọ dún létí. Owó ẹyọ méjì tí a kọjú wọn síra ń sọ ti ìrẹ́pọ̀. Bí a bá kẹ̀yìn wọn síra, ọ̀rọ̀ ti di ìjà. A ó di ẹrù náà, a ó gbé e lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Tirẹ̀ ni láti jẹ́ iṣẹ́. Kì í ṣe tirẹ̀ láti tú u. John Augustus Otunba Payne, tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé-ẹjọ́ Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fi díẹ̀ nínú àrokò Ìjẹ̀bú ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, a sì fi wọ́n han àwọn onímọ̀ níbẹ̀ láàrin ọdún 1880 sí 1890. Ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí ọ̀rọ̀ tí a dì kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí.

Ẹjọ́ Entick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Òfin tí àwọn kóòtù Nàìjíríà ń lò lórí ìtúlé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, nítorí náà ibẹ̀ ni a ó gbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1762, Nathan Carrington àti àwọn ìránṣẹ́ ọba mẹ́ta mìíràn já wọ ilé òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ John Entick. Wọ́n fura sí i pé ó ń kọ ìwé tí ó ń tàbùkù ìjọba. Wọ́n mú ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe adájọ́ ni ó fi í fún wọn. Lord Halifax, tí ó jẹ́ mínísítà ọba, ni ó buwọ́ lù ú. Nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi fọ́ àpótí, tí wọ́n ń ka ìwé oníwèé, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ.

Entick pè wọ́n lẹ́jọ́. Nígbà tí Lord Camden dá ẹjọ́ náà ní ọdún 1765, kókó ìbéèrè rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: òfin wo ni ó fún mínísítà ní irú agbára yìí? Wọ́n wá a nínú ìwé òfin títí, wọn kò rí i. Entick sì gba £300 owó gbà-má-bínú. Láti ọjọ́ náà ni ó ti dájú pé kò tó kí ìránṣẹ́ ìjọba wí pé ọ̀gá òun ni ó rán òun. Òfin ni ó gbọ́dọ̀ rán ọ̀gá náà.

Ẹ̀kọ́ kejì ti Amẹ́ríkà wá. Ní ọdún 1761, James Otis bá ìwé àṣẹ tí kò ní ààlà jà ní kóòtù Boston, irú èyí tí aṣọ́bodè lè fi wọ ilé yòówù nígbà yòówù. Ẹjọ́ náà kò bọ́ sí i fún un, ṣùgbọ́n ìbínú àwọn ènìyàn kò kú. Nígbà tí ó di ọdún 1791, Àtúnṣe Kẹrin sí Òfin-ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí ìwé àṣẹ dárúkọ ibi tí a ó tú àti ohun tí a ń wá níbẹ̀. Ìwé àṣẹ ni àgò tí ìjọba ń ké. Ẹni tí ó bá sì ké àgò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó bá wá.

Láti ìjọba amúnisìn dé Òfin-ìpìlẹ̀

Ọdún 1861 ni Èkó bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1863 ni a fi òfin Gẹ̀ẹ́sì lélẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn kò fẹ́ kí òfin dí òun lọ́wọ́ tó bí ó ti ń dí mínísítà ọba lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 1943 gbà kí ọ̀gá ọlọ́pàá, nínú àwọn ọ̀ràn kan, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ yóò fi wọ ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù láti wá ẹrù olè, láìkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Òfin náà pẹ́ ju ìjọba tí ó ṣe é lọ. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ni ó pa á rẹ́.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, a kọ ẹ̀tọ́ sí àṣírí sínú Òfin-ìpìlẹ̀. Abala 22 ti ọdún 1960 àti abala 23 ti ọdún 1963 sọ nípa ọ̀wọ̀ fún ìgbé-ayé ẹni, ẹbí ẹni, ilé ẹni àti ìwé tí a kọ ránṣẹ́. Abala 34 ti ọdún 1979 fi ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù àti wáyà kún un, abala 37 ti ọdún 1999 sì tún un sọ. Ṣùgbọ́n abala 45 fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: ìjọba lè ṣe òfin tí yóò dín ẹ̀tọ́ yìí kù nítorí ààbò ìlú, àlàáfíà, ìlera tàbí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn, bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá tọ́ ní ìlú tí ó ń ṣe ìjọba àwa-ara-wa. Ibi tí ilẹ̀kùn yìí gbòòrò dé ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń jà láti ìgbà náà.

Ní àkókò ìjọba ológun, ìjà náà gbóná. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹrin, ọdún 1992, àwọn òṣìṣẹ́ ààbò gba ìwé ìrìnnà Olisa Agbakoba ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, láìsọ ìdí. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tí ó dá a láre ní ọdún 1999. Gani Fawehinmi, tí ọ́fíìsì iṣẹ́ agbẹjọ́rò rẹ̀ wà ní Anthony tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, rí tirẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 1996. Àwọn òṣìṣẹ́ ààbò wá mú un nílé ní kùtùkùtù òwúrọ̀ láìmú ìwé àṣẹ kankan wá, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Bauchi nígbà tí ó yá. Nínú ìdájọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2000, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wí pé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti di ara òfin Nàìjíríà, ó sì lágbára ju òfin lásán lọ bí kò tilẹ̀ ga ju Òfin-ìpìlẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin kíyè sí ohun kan: Àdéhùn náà kò dárúkọ ẹ̀tọ́ sí àṣírí. Nítorí náà, abala 37 ni ó ṣì ń gbé ẹrù yìí.

Ẹ̀rí tí a gba ọ̀nà ẹ̀bùrú rí

Kí a tó dé orí fóònù, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wà tí kò ṣe é fò. Ní Kẹ́ńyà, nígbà ogun Mau Mau, àwọn ọlọ́pàá yẹ ara ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kuruma wò, wọ́n ní àwọn bá ọta ìbọn méjì lára rẹ̀. Òfin ti sọ ipò tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ dé kí ó tó lè yẹ ara ènìyàn wò. Àwọn tí ó yẹ ara Kuruma wò kò tíì dé ipò náà. Síbẹ̀, ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù tí a mọ̀ sí Privy Council wí pé bí ẹ̀rí bá ti kan ẹjọ́, kóòtù lè gbà á, bí a ti wù kí a rí i. Ìdájọ́ ikú tí a dá fún Kuruma kò sì yí padà. Ní ọdún 1968, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà tọ ipa ọ̀nà kan náà nínú ẹjọ́ Musa Sadau.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí Amẹ́ríkà gbà. Láti ìgbà ẹjọ́ Mapp ní ọdún 1961, ẹ̀rí tí ọlọ́pàá fi ìtúlé tí kò bófin mu rí kò ṣe é lò ní kóòtù ìpínlẹ̀ wọn. Èyí ni ó fà á tí agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà fi ń fi ojú wínníwínní wo ìwé àṣẹ: bí ìwé bá ṣubú, ẹ̀rí ṣubú, ẹjọ́ lè ṣubú pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, ìwé lè ṣubú kí ẹ̀rí ṣì dúró. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 mú ìrètí díẹ̀ wá. Abala 14 rẹ̀ gbà kí adájọ́ gbé ọ̀ràn lórí ìwọ̀n, kí ó sì kọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ bí ibi tí ó wà nínú gbígbà á bá ju ire rẹ̀ lọ. Abala 15 ka ohun tí adájọ́ yóò rò mọ́ ọn. Agbára ni a fún adájọ́. A kò sọ ọ́ di dandan fún un.

Fóònù kì í ṣe àpótí

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, ìlà tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn tí ó kọ òfin ọdún 1979 mọ tẹlifóònù tí ó jókòó sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Fóònù òde òní kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ.

Òfin ìtúlé mọ àpótí. Àpótí ní ìsàlẹ̀. Bí a bá tú u dé ìsàlẹ̀, ó tán. Fóònù kò ní ìsàlẹ̀ tí ojú ń rí. Lẹ́tà ìfẹ́, àwòrán ọmọ, èsì àyẹ̀wò láti ilé ìwòsàn, àdúrà tí a gbà sílẹ̀, owó báńkì àti gbogbo ibi tí olúwa rẹ̀ ti rìn dé wà nínú rẹ̀ pọ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá tú fóònù olùkọ́ kan ti tú àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ti aya tàbí ọkọ rẹ̀, àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Èyí ni àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà rò nínú ẹjọ́ David Riley. Ní ọdún 2009, ọlọ́pàá San Diego dá a dúró nítorí pé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ti kọjá àkókò. Wọ́n bá ìbọn nínú ọkọ̀, wọ́n mú un, wọ́n sì tú fóònù rẹ̀. Àwòrán àti fídíò tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ran ẹ̀sùn tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹfà, ọdún 2014, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ohùn ṣọ̀kan pé mímú tí ọlọ́pàá mú ènìyàn kò fún un láṣẹ láti tú fóònù rẹ̀. Kí ó lọ gba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2018, nínú ẹjọ́ Carpenter, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin fi kún un pé ọlọ́pàá nílò ìwé àṣẹ kí ó tó gba àkọsílẹ̀ ibi tí fóònù ènìyàn ti wà fún ọjọ́ 127 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù.

Ìjà kò tán síbẹ̀, nítorí pé ìwé àṣẹ pàápàá lè di ìwé Halifax. Ní ọdún 2016, ẹjọ́ kan dé iwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìpínlẹ̀ Delaware. Ọ̀rọ̀ yíyí ẹlẹ́rìí lọ́kàn padà ni ọlọ́pàá ń wá, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí wọ́n gbà fún wọn láyè láti tú gbogbo ẹ̀rọ tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àti àwòrán, láìsọ àkókò tí ohun tí wọ́n ń wá ṣẹlẹ̀. Wọ́n bá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí ó burú gidigidi. Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ wí pé ìwé náà kò ní ààlà, ó sì fagi lé ìdájọ́ ẹ̀bi náà. Ìdájọ́ tí ó korò ni. Ó fi hàn pé ààbò tí a fi ń dáàbò bo aláìlẹ́ṣẹ̀ a máa bo ẹlẹ́ṣẹ̀ nígbà mìíràn.

Ọ̀ràn Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, òfin tí ó yẹ kò ṣọ̀wọ́n lórí ìwé. Èkó ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣe òfin tuntun lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ní ọdún 2007, tí a sì tún ṣe ní ọdún 2011. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2015. Ní ọdún kan náà, Òfin Ìwà-ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì jáde. Abala 45 rẹ̀ ní kí òṣìṣẹ́ ààbò tí ó bá fẹ́ tú kọ̀ǹpútà tàbí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ bẹ adájọ́ fún ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n abala 38 òfin yìí kan náà, bí a ti kọ ọ́ ní ọdún 2015, ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà fún ọdún méjì, kí wọ́n sì fi í fún òṣìṣẹ́ ààbò tí ó bá béèrè. Àwọn ẹgbẹ́ ajà-fẹ́tọ̀ọ́, Paradigm Initiative lára wọn, gbé abala náà lọ sí kóòtù ní Èkó pé ó tako abala 37. Wọ́n pàdánù ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní ọdún 2017, wọ́n sì tún pàdánù ní Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ọdún 2018.

Ojú pópó ni ìṣòro náà ti le jù. Ọdún 1992 ni a dá ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ń gbógun ti adigunjalè, tí a mọ̀ sí SARS, sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹ̀sùn pọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn pé wọ́n ń tú fóònù àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ yahoo, wọ́n sì ń fi ipá gba owó lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Mohammed Adamu, ka ìtú-fóònù láìgba àṣẹ léèwọ̀. Ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, a tú SARS ká. Èèwọ̀ náà ti tún jáde lẹ́nu àwọn aláṣẹ ọlọ́pàá lẹ́yìn ìgbà náà. Òfin tí a ń tún kà lákàtúnkà jẹ́ àmì pé àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ kò tíì gbọ́.

Kò yẹ kí a gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìní. Fóònù ni ajínigbé fi ń bèèrè owó ìràpadà. Ọlọ́pàá tí ó ń wá ọ̀daràn kò lè ṣe bí ẹni pé fóònù kò sí. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé kí ó kọ́kọ́ ní ìdí, kí ó sì sọ ìdí náà fún ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá.

Ìwé àṣẹ nìkan kò sì tó. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ nígbà tí a bá ń gba ìwé náà. Ẹni tí a fẹ́ tú kò sí níbẹ̀. Yorùbá sì bọ̀, wọ́n ní, “A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn.” Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, àwọn kan mú ìwé àṣẹ lọ sí ilé Adájọ́ Mary Odili ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Àbújá. Nígbà tí májísíréètì tí ó buwọ́ lu ìwé náà rí i pé a ti ṣi òun lọ́nà, ó fagi lé e. Bí èyí bá lè dé bá adájọ́ àgbà, kí ni yóò dé bá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní agbẹjọ́rò?

Ìparí

Bí a bá kó ìtàn yìí pọ̀, ohun mẹ́ta ni ó sọ ìwé àṣẹ di àgò tòótọ́. Èkíní, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn ni kí ó fún ni láyè. Èkejì, kí ìwé náà dárúkọ ohun tí a ń wá, kí ó sì ní ààlà. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó bá wọlé láìkágò rí ìyà rẹ̀. Nàìjíríà ní èkíní lórí ìwé. Èkejì kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó lórí ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹ̀kẹta ni ó kù díẹ̀ káàtó jù, nítorí pé ẹ̀rí tí a fi èrú rí ṣì lè wọ kóòtù, àti nítorí pé ẹni tí a tú fóònù rẹ̀ lójú pópó kì í sábà pẹjọ́.

Síbẹ̀, ọ̀nà wà. Ìlànà ọdún 2009 lórí ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gba ẹnikẹ́ni láyè láti pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ lórí abala 37. Ọ̀nà yìí ni Entick tọ̀, Agbakoba tọ̀ ọ́, Fawehinmi náà tọ̀ ọ́. Kò sí èyí tí ìjọba fi inú rere yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún nínú wọn. Ẹjọ́ ni wọ́n pè. Kí àwọn olùkọ́ wo èyí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn: ṣé ó yẹ kí Nàìjíríà sọ kíkọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ di dandan, bí ẹlẹ́ṣẹ̀ tilẹ̀ bá a bọ́? Ààlà wo ni ó yẹ kí májísíréètì fi sínú ìwé àṣẹ ìtú-fóònù? Títí a ó fi rí ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn lè gbà, kí ọmọ tí ó ń kọjá ní Anthony mọ̀ pé fóònù ọwọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, àti pé òun ni onílé.